Rotary Club: Àwọn Ìbéèrè Tẹ́ Ẹ Máa Ń Bi Wá, àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn èèyàn máa ń bi wá ní ìbéèrè nípa Rotary gan, lọ́jà, ní sọ́ọ̀sì, ní mọ́ṣáláṣí, lórí WhatsApp, àwọn míì á tiẹ̀ kọ́kọ́ fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó bèèrè. Mo kó èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀ síbí. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ ọ́, nítorí náà bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa ni màá sọ jù, klọ́ọ̀bù tiyín lè yàtọ̀ díẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ka gbogbo ẹ̀ tán, ẹ lọ síbi tó bá kàn yín.

Kí ni Rotary gan-an, ta ló dá a sílẹ̀?

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́ àti òṣìṣẹ́ ni, tí wọ́n ń pàdé déédéé, tí wọ́n ń bára wọn ṣọ̀rẹ́, tí wọ́n sì ń pawọ́ pọ̀ ṣe nǹkan fún ìlú. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Paul Harris ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Chicago, Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1905, òun àtàwọn mẹ́ta míì. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Wallingford ní Vermont ni Harris ti dàgbà, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọra, ìgbà tó wá dé Chicago tó ń ṣe lọ́yà, èrò ń wọ́ bí omi, àmọ́ kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ń wá nìyẹn, ọ̀rẹ́. Ọ́fíìsì ẹnì kan lónìí, ọ́fíìsì ẹlòmíì lọ́jọ́ míì ni wọ́n ti ń pàdé.

Iṣẹ́ ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò ni, láàárín ìgboro Chicago, ọdún 1907 ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ dìde. Ẹ wo bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn o: wọ́n kọ́kọ́ mọra wọn, wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti ara wọn, ẹ̀yìn ìgbà yẹn niṣẹ́ ìlú tó wọlé dé. Èmi gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí dòní, ẹ ó rí i pé mo máa padà sí ọ̀rọ̀ yẹn bá a bá ṣe ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, ṣé ẹgbẹ́ awo kọ́?

Kì í ṣe ẹgbẹ́ awo. A ò bínú sẹ́ni tó bá bèèrè, torí nílẹ̀ wa, bí èèyàn bá ti gbọ́ pé àwọn kan ń pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, tí wọ́n fi báàjì sáyà, tí prẹ́sídẹ́ǹtì wọn gbé ṣéènì ńlá kọ́rùn tó sì ń lu aago, ó dájú pé yóò ro nǹkan míì. Ṣéènì yẹn, orúkọ àwọn tó ti ṣe prẹ́sídẹ́ǹtì rí ni wọ́n sábà máa ń kọ sára ẹ̀. Aago yẹn, òun la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tá a sì fi ń parí ẹ̀. Báàjì yẹn, kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ni, ó léyín 24 ó sì ní apá 6, kò sí nǹkan tó fara pa mọ́ síbẹ̀.

A kì í mulẹ̀. A kì í fi nǹkan kan bọ nǹkan kan. Pásítọ̀ wà nínú wa, Alhaji wà nínú wa, bá a bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, ẹni tí wọ́n bá ní kó gbàdúrà á gbà á lọ́nà tí gbogbo wa á fi lè ṣe àmín. Òfin ẹgbẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè kà á. Àlejò lè wá jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó gbọ́ gbogbo ohun tá a sọ.

Àwọn òbí tọ́mọ wọn wà ní yunifásítì ni mo máa ń fara balẹ̀ dá lóhùn jù, torí ìbẹ̀rù ẹgbẹ́ òkùnkùn nílé ìwé kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán, ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ilé ní jàǹbá. Bọ́mọ yín bá ní òun fẹ́ wọ Rotaract, ìyẹn ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ Rotary, ẹ ní kó mú yín lọ síbi ìpàdé wọn. Ẹ wá wò ó fúnra yín, ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ alámòójútó wọn láti klọ́ọ̀bù Rotary tó gbé wọn dìde, kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní kọ́mọ má sọ fáwọn òbí ẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Ìgbà wo ló dé Nàìjíríà?

Ọdún 1961 ni, Kano ni klọ́ọ̀bù sì ti kọ́kọ́ dúró. Láti Kano yẹn náà ni Jonathan Majiyagbe ti wá, lọ́yà àgbà, tó di prẹ́sídẹ́ǹtì Rotary gbogbo àgbáyé lọ́dún 2003 sí 2004, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dépò yẹn. Ọmọ Nàìjíríà míì náà ti wọ̀ ọ́ báyìí, Olayinka Hakeem Babalola láti klọ́ọ̀bù Trans Amadi ní Port Harcourt ni wọ́n yàn fún ọdún 2026 sí 2027. Inú wa dùn sí i gan o, mi ò lè purọ́.

Ṣé àwọn olówó nìkan ló wà fún?

Rárá, àmọ́ mi ò ní sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni. Owó ẹgbẹ́ wà, owó oúnjẹ ìpàdé wà níbi tí wọ́n bá ti ń jẹun, owó pròjẹ́ẹ̀tì wà. Ohun táwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé lára owó ẹgbẹ́ tá à ń san, apá kan ń lọ sí Rotary International, ìyẹn ẹgbẹ́ gbogbo àgbáyé, lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ka ìyẹn. Ẹ ṣáà mọ ohun tójú náírà ti rí lọ́wọ́ dọ́là. Iye kan náà tí wọ́n ń béèrè ní dọ́là lè wà bẹ́ẹ̀ kó má fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, kí tiwa ní náírà ti di ìlọ́po, àwọn tísà àtàwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló sì ń dùn jù. Ìdí nìyẹn táwọn klọ́ọ̀bù kan fi kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, táwọn míì ń jẹ ìpanu tí wọ́n ń mu mínírà dípò ìrẹsì àti adìyẹ, táwọn míì sì ń pàdé lórí Zoom ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù. Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀. Klọ́ọ̀bù tó bá jẹ́ káwọn èèyàn rere sá lọ nítorí oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì ti gbàgbé ohun tí Harris ń wá.

Ẹ béèrè iye ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ béèrè ẹ̀ ní tààrà lọ́wọ́ sẹ́kítìrì, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń gbà á díẹ̀díẹ̀. Klọ́ọ̀bù tó dáa ò ní bínú.

Kí lẹ máa ń ṣe ní míìtìn?

Ọ̀pọ̀ klọ́ọ̀bù ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti 2016 ni òfin ti gbà pé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló kéré jù. Nǹkan bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dé lásìkò.

Prẹ́sídẹ́ǹtì á lu aago, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n á wá fi àwọn àlejò hàn. Bí Rotarian, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary, bá wá láti klọ́ọ̀bù míì, ó lè gbé àsíá kékeré klọ́ọ̀bù tiẹ̀ wá kí wọ́n fi tiwa ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀, àsíá wọ̀nyẹn máa ń pọ̀ títí wọ́n á fi kún ògiri. Sẹ́kítìrì á ka ìwé, wọ́n á kí ẹni tó ṣọjọ́ ìbí, ẹni tó ṣe àyájọ́ ìgbéyàwó, ẹni tọ́mọ ẹ̀ yege. Ó máa ń ní olùbánisọ̀rọ̀, dókítà lè wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, lọ́yà lè wá ṣàlàyé ìwé ilẹ̀, ẹni tó ń sin ẹja lè wá sọ ibi tó ti rí èrè àti ibi tó ti rí àdánù. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ tí kì í ṣe tèmi, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Òun náà ló jẹ́ kí wọ́n máa fẹ́ kí iṣẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yàtọ̀ síra, kí gbogbo wọn má baà jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì.

Wọ́n á tún ka ìbéèrè mẹ́rin kan tí Herbert Taylor, Rotarian kan, kọ ní 1932, nígbà tí wọ́n fà á lé e lọ́wọ́ kó tún ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ìkòkò alumíníọ̀mù ní Chicago ṣe torí ó fẹ́ kógbá sílé. Ohun tá a bá fẹ́ rò, tá a bá fẹ́ sọ, tá a bá fẹ́ ṣe: ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó tọ́ sí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn? Ṣé á fa ìfẹ́ àti ọ̀rẹ́ tó túbọ̀ dáa? Ṣé á ṣe gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn láǹfààní? Kò sẹ́ni tó lè ka á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kó má rántí ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fi irọ́ buwọ́ lùwé.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tuntun ni pé kí wọ́n má jókòó ti ẹni tó mú wọn wá. Ẹ lọ jókòó ti ẹni tẹ́ ò mọ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń dúró káwọn èèyàn pé, àti ìgbà tí wọ́n bá ti lu aago ìparí tán tẹ́ni kankan ò tíì lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú àjẹ́ńdà.

Kí ló dé tẹ́ ẹ máa ń bu fáìnì fúnra yín?

Sergeant-at-Arms ló ń bu ú, òun ló ń tọ́jú ètò ìpàdé. Ẹni tó bá pẹ́, ẹni tí kò fi báàjì sáyà, ẹni tí fóònù ẹ̀ dún. Wọ́n tún lè bu fáìnì fún yín torí ẹ ra mọ́tò tuntun tàbí torí wọ́n gbé fọ́tò yín jáde nínú ìwé ìròyìn! Owó kékeré ni, ẹ̀rín ló sì máa ń gbà jáde, inú àpò ẹgbẹ́ ló ń lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá tó ń bẹ Sergeant tó jẹ́ ọmọdé sí i pé kó dín in kù fóun, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí ní adùn.

Báwo lẹ ṣe ń pera yín? Ṣé mo lè pe àgbàlagbà lórúkọ?

Nínú ìpàdé, Rotarian la fi ń ṣáájú orúkọ gbogbo èèyàn, oyè Chief àti Prof. á dúró síta. Mo mọyì ẹ̀ gan, torí nílẹ̀ wa, oyè lè di ògiri láàárín èèyàn méjì. Àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ máa ń pera wọn lórúkọ àbísọ, àmọ́ ìyẹn ò ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa, kò sì yẹ kó ṣeé ṣe. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ kí Bàbá àti Màmá tẹ́ ẹ bá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, kẹ́ ẹ wá ta ko àbá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó bá yẹ kẹ́ ẹ ta kò ó. Méjèèjì ò pa ara wọn lára.

Kí lẹ ń pè ní fẹ́lóṣíìpù? Ṣé jíjẹ àti mímu ni?

Jíjẹ mímu wà níbẹ̀ o, mi ò ní sọ pé kò sí. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ti rí.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló wà n'Ìbàdàn báyìí tọ́mọ wọn ti já pa tán, ọ̀kan wà ní Canada, ọ̀kan wà ní UK, ilé ńlá wà, àmọ́ ẹni méjì tàbí ẹnì kan ló kù ńbẹ̀. Owó ń wọlé láti òkè òkun, kì í ṣe owó ló wọ́n. Ẹni tó máa gbé wọn lọ sí UCH láago márùn-ún ìdájí kí wọ́n lè tètè rí dókítà, ẹni tó máa mọ̀ pé Màmá ò gbé fóònù láti àná, ìyẹn ló wọ́n. Nínú klọ́ọ̀bù tó bá wà láàyè, bí ẹnì kan ò bá wá ìpàdé, wọ́n á pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí kò bá tún wá lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á lọ sílé ẹ̀. Wọ́n máa ń pín in láàárín ara wọn ta ló kàn láti lọ kí ẹni tó wà ní ọsibítù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí gbogbo èèyàn kàn máa kọ "get well soon" sórí WhatsApp.

Bí ẹnì kan bá kú, ọ̀rọ̀ ìsìnkú kì í dí wa lọ́wọ́ jù, Yorùbá mọ ìsìnkú í ṣe. Ọdún kejì ló máa ń nira, nígbà táwọn èrò ti túká, tí owó ilé ìwé àwọn ọmọ tún tó san. Ibẹ̀ ni mo máa ń fi dá klọ́ọ̀bù mọ̀. Èyí tó bá ṣì ń pe opó ẹni wọn wá síbi àpèjẹ ìparí ọdún, tí wọ́n ṣì mọ kíláàsì táwọn ọmọ ẹ̀ wà, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìlú tí wọ́n bá dáwọ́ lé máa dúró. Èyí tí ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lè rí fọ́tò wọn nínú ìwé ìròyìn níbi tí wọ́n ti ń gé ríbọ́ọ̀nù, ẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan kẹ́ ẹ wò ó.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ńkọ́? Ó máa ń wáyé, èmi ò fẹ́ kó di dandan. Ẹ wọ èyí tẹ́ ẹ bá ní, kẹ́ ẹ ṣáà wá.

Ṣé obìnrin lè wọ ẹgbẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni o, kò sì sí ipò tí wọn ò lè dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà títí di 1989, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ kan lórí ẹ̀ ní 1987, ni Rotary tó yí òfin náà padà káàkiri ayé. Ọdún 2022 ni obìnrin àkọ́kọ́, Jennifer Jones ti Canada, di prẹ́sídẹ́ǹtì àgbáyé. Ó pẹ́ jù, èrò tèmi nìyẹn, pàápàá fún àwa tí ìyálóde àti ìyálọ́jà ti wà nílùú wa látọjọ́ tó ti pẹ́. Lọ́dọ̀ wa báyìí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí pròjẹ́ẹ̀tì kan parí kówó má sì ṣòfò, ẹ fi obìnrin ṣe alága ìgbìmọ̀ ẹ̀.

Inner Wheel yàtọ̀ sí Rotary o. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni, Manchester ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1924, àwọn ìyàwó Rotarian ló dá a sílẹ̀, ó sì ti dá dúró fúnra ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́?

Interact wà fún àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18, ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀. Rotaract wà fún àwọn tó ti pé ọdún 18 sókè, 1968 ló bẹ̀rẹ̀, tẹ́lẹ̀ ọdún 30 ni wọ́n ti máa ń ní kí wọ́n kúrò àmọ́ wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò láti 2020. Owó wọn kéré gan sí ti Rotary. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kọ́pà tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé tó ti ka ìròyìn ìnáwó ẹgbẹ́ síta rí, tí wọ́n sì bi í pé ríṣíìtì dà, ó ti kọ́ ohun tí yunifásítì ò ní kọ́ ọ.

Kí ni Rotary ti ṣe tá a lè tọ́ka sí?

Pólíò, ìyẹn àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún mọ bí wọ́n ṣe ń rí àwọn tó ń fi ọwọ́ wọ́ra wọn nílẹ̀ ní gáréèjì, pẹ̀lú sílípáàsì lọ́wọ́. Rotary gbé ètò PolioPlus dìde ní 1985. Ní 1988, nígbà tí WHO (àjọ ìlera àgbáyé), UNICEF àti CDC (àjọ tó ń gbógun ti àrùn) ti Amẹ́ríkà dara pọ̀ mọ́ ọn, ó lé ní orílẹ̀-èdè 125 tí àrùn náà ń jà, ọmọ tí wọ́n ń fojú bù pé ó ń rọ lọ́dọọdún sì tó 350,000.

Tiwa ò rọrùn. Ní 2003, ìjọba Kano àtàwọn ìpínlẹ̀ kan lókè ọya dá oògùn àjẹsára pólíò dúró torí wọ́n gbọ́ pé ó ń sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn. Ọdún yẹn gan-an ni ọmọ klọ́ọ̀bù Kano ń ṣe prẹ́sídẹ́ǹtì Rotary gbogbo àgbáyé! Àrùn náà gbéra láti ọ̀dọ̀ wa ó sì ran orílẹ̀-èdè míì. Wọ́n bá àwọn emir àti àwọn àáfà sọ̀rọ̀ títí, oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ìlú Mùsùlùmí, ni Kano wá gbà ní 2004. Kì í ṣe owó ló yanjú ẹ̀, ẹni tí wọ́n gbà gbọ́ tó lọ jókòó tì wọ́n ni. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín náà, àwọn ìyá ò fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí tó gbé kúlà dání, àmọ́ bí ìyálọ́jà tàbí ìyàwó ìmáàmù bá tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì, ilẹ̀kùn á ṣí, ọmọ á gba ẹ̀kán méjì sẹ́nu, wọ́n á sàmì sí ìka ẹ̀.

Ní 2016 ni wọ́n rí pólíò àdánidá gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, ní Borno. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé agbègbè Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Afghanistan àti Pakistan ló kù tí kò tíì kúrò níbẹ̀ rárá. Irú kan tó ń yọjú láti ara oògùn ẹlẹ́kàn-án fúnra ẹ̀, níbi táwọn ọmọ tó gba oògùn ò bá ti pọ̀ tó, ṣì ń yọ wá lẹ́nu, nítorí náà ẹ má tíì lé àwọn tó bá wá kanlẹ̀kùn. Gbogbo ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá la máa ń ṣe ìwọ́de pólíò, tẹ́ ẹ bá rí wa lójú títì pẹ̀lú t-shirt pupa, ẹ bá wa rìn díẹ̀.

Ẹ ṣe borehole ládùúgbò wa, ó ti bàjẹ́. Kí ló dé?

Ìbéèrè yìí tọ́, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ máa béèrè ẹ̀. Borehole kì í sábà kú torí omi tán. Pọ́ńpù ló máa ń jóná, tàbí jẹnẹrétọ̀ ò rí epo, tàbí wọ́n jí páànẹ́lì sólà, tàbí ẹ̀rọ kékeré kan tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan já tí ò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ló kàn láti tún un ṣe. Gbogbo àdúgbò á máa sọ pé "ti Rotary ni", Rotary náà á rò pé ti àdúgbò ni.

Klọ́ọ̀bù tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á lọ jókòó ti baálẹ̀, wọ́n á jókòó ti àwọn obìnrin tó ń pọnmi (àwọn gan-an ló mọ ibi tó yẹ kó wà), wọ́n á béèrè ta ló máa di kọ́kọ́rọ́ mú, èló ni wọ́n máa gbà lórí kẹ́ẹ̀gì kan, ta ló máa tọ́jú owó yẹn, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa ti ra pọ́ńpù tó bá jó. Ọ̀wẹ̀ làwọn bàbá wa fi ń ṣoko àti ilé, ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ mọ̀ pé olóko gbọ́dọ̀ wà lóko pẹ̀lú òun, iṣẹ́ yìí náà ò yàtọ̀. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè gba oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀, ọdún prẹ́sídẹ́ǹtì kan sì lè parí láìrí fọ́tò gé ríbọ́ọ̀nù, ó sì máa ń ká wọn lára. Kó ká wọn lára.

Tó bá jẹ́ àwa la ṣe é, ẹ lọ síbi orúkọ klọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ sára ògiri táńkì, ẹ wá prẹ́sídẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ mú ẹni mẹ́ta mẹ́rin láti àdúgbò dání, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí ẹ̀yin náà lè dá.

Ibo lowó àwọn iṣẹ́ ńlá ti ń wá?

Àpò wa ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tá a bá fi ránṣẹ́ sí Rotary Foundation, ìyẹn àpò àánú Rotary gbogbo àgbáyé, fún ìlò gbogboogbò, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ á padà sọ́dọ̀ district, ìyẹn àkójọ àwọn klọ́ọ̀bù agbègbè kan, kí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́. Fún global grant, ìyẹn owó ìrànwọ́ Foundation fún iṣẹ́ ńlá, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tó 30,000 dọ́là ó kéré tán, klọ́ọ̀bù tàbí district láti orílẹ̀-èdè míì sì gbọ́dọ̀ bá wa ṣe é. Ibẹ̀ náà lọ̀rẹ́ ti ń wúlò, torí ẹni tẹ́ ẹ pàdé ní kọ́ńfárẹ́ǹsì tẹ́ ẹ jọ jẹun ló máa gbé yín ró níwájú klọ́ọ̀bù tiẹ̀, wọn ò ní bá àjèjì tó kàn kọ ímeèlì dáwó.

Paul Harris Fellow tẹ́ ẹ máa ń gbọ́, ẹni tó dá 1,000 dọ́là fún Foundation ni, tàbí ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ dá a. Oyè ìdúpẹ́ ni, kò sọ ọ́ di ọ̀gá ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ máa ń fún èèyàn lówó?

A kì í pín owó fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, ilé ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ lẹ́tà sí klọ́ọ̀bù tó sún mọ́ yín, ìgbìmọ̀ á gbé e yẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín lórí fóònù pé Rotary fẹ́ fún yín ní owó, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, gbájúẹ̀ ni.

Rotary àti Lions, èwo nìyàtọ̀?

Ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ bíi tiwa ni Lions, Chicago náà ló ti bẹ̀rẹ̀, Melvin Jones ló gbé e dìde ní 1917, ọ̀rọ̀ ojú ni wọ́n sì gbájú mọ́ jù látìgbà tí Helen Keller, obìnrin Amẹ́ríkà kan tó fọ́jú tó sì dití, ti bẹ̀ wọ́n ní 1925. Èèyàn rere ni wọ́n, a jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà míì. Ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ bá ti rí èèyàn tẹ́ ẹ lè bá jókòó.

Ṣé ẹ kì í jà?

A máa ń jà. Owó àti ipò ló máa ń fà á, bíi tibi gbogbo. Ohun tó ń gbà wá ni pé ọdún kan ṣoṣo ni prẹ́sídẹ́ǹtì ń lò, ọjọ́ kìíní oṣù keje ni tuntun ń gbà á, ẹni tó ṣe prẹ́sídẹ́ǹtì lánàá lè di ẹni tí wọ́n ń rán lọ ra omi inú ọ̀rá lónìí. Kò sẹ́ni tó lè di ọba síbẹ̀. Èkejì ni pé àwọn tó ti ṣe prẹ́sídẹ́ǹtì rí ń bẹ, wọ́n á pe àwọn méjèèjì tó ń jà sílé, wọ́n á fún wọn lóúnjẹ, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n lọ títí wọ́n á fi sọ ọ́ tán. Ẹ má gbé ìjà ẹgbẹ́ lọ sórí Facebook. Ẹgbẹ́ tó bá ti débẹ̀, ó ṣòro láti tún un kó jọ.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú, olóṣèlú lè wà nínú wa, àmọ́ klọ́ọ̀bù ò gbọ́dọ̀ polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n bọ́ fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú wọn síta.

Mo fẹ́ wọlé. Kí ni kí n ṣe?

Tẹ́ ẹ bá mọ Rotarian kan, ẹ ní kó mú yín lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Tẹ́ ò bá mọ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù Rotary International, ibi tí wọ́n ti ń wá klọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ẹ tẹ orúkọ ìlú yín, ẹ ó rí ọjọ́ àti aago tí wọ́n ń pàdé. Ẹ lọ sí klọ́ọ̀bù tó ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan kún fún ọ̀dọ́, àwọn kan jẹ́ àgbà, àwọn kan ń pàdé lọ́sàn-án, àwọn kan lálẹ́. Ẹ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kẹ́ ẹ tó pinnu, kẹ́ ẹ sì bá wọn lọ síbi iṣẹ́ ìlú kan, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí bí wọ́n ṣe ń bá àwọn aláìní sọ̀rọ̀. Wọ́n á wá gbé orúkọ yín síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n á fi tó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ létí, tí kò bá sí àtakò, wọ́n á fi báàjì sí yín láyà níwájú gbogbo èèyàn.

Tí mo bá rìnrìn àjò tàbí tí mo kó lọ sílùú míì ńkọ́?

Ẹ lè wọ ìpàdé klọ́ọ̀bù èyíkéyìí lágbàáyé, wọ́n á sì kọ ọ́ fún yín pé ẹ wá. Ṣákí ni o, Cotonou ni o, London ni o, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ń pàdé kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi báàjì sápò, kẹ́ ẹ mú àsíá klọ́ọ̀bù dání. Tẹ́ ẹ bá kó lọ pátá, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ sẹ́kítìrì pé ẹ ò jẹ gbèsè, klọ́ọ̀bù tuntun á béèrè ẹ̀. Nọ́ńbà yín lórí WhatsApp klọ́ọ̀bù àtijọ́, ọ̀pọ̀ kì í yọ ọ́, wọ́n á ṣì máa kí yín lọ́jọ́ ìbí.